Ohun Ìfọyín Tí O Ní Kí N Pò fún Ọ

Agbo-ilé Ajíbóyè,
Ìperindó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹjọ, 2024.

Ṣèyífúnmi, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀. Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ aṣọ rírán tí ò ń kọ́ ní Òṣogbo ń lọ déédéé, ṣé ọ̀gá rẹ ò sì ni ọ́ lára jù? Bàbá rẹ wà, ó ní kí n kí ọ. Ara tiwa níbí kò le tó bí a ṣe ń sọ fún ọ lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè mí, o ní kí n po ohun tí mo pò fún ẹ̀gbọ́n rẹ, Tiwalolúwa, kí n fi ránṣẹ́, torí pé ìwọ àti Raliat tí ẹ jọ ń gbé yàrá fẹ́ kí eyín yín funfun kí ẹ tó ṣe fírídọ̀mù. O rí bí eyín ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ń dán lọ́jọ́ tí àwọn àna wá tọrọ rẹ̀. Mo ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa, mo sì pa fóònù. Irọ́ ni. Jọ̀wọ́, jókòó kí o ka èyí dé ìparí.

O mọ̀ pé obì là ń ṣà nílé wa. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà lẹ̀yin méjèèjì ti ń bá mi gé e jẹ wò nínú apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ká lè mọ èyí tó gbó. Gbogbo wa leyín wa pọ́n, kò sì sẹ́ni tó kà á sí, àfi ìgbà tí ìyá Láńrewájú, àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n rẹ, rí fọ́tò rẹ̀ tó ní, "Ọmọ yìí rẹwà, ìbá ti dáa jù tó bá pa ẹnu dé." Tiwalolúwa fi rẹ́rìn-ín ni tirẹ̀. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà gún lára.

Mo ti máa ń rí Ọdúntán, àbúrò bàbá rẹ tó ń wa wúrà, bó ṣe ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn kíkúnná ìsàlẹ̀ ọpọ́n rẹ̀ fọ wúrà tó dọ̀tí, tí á sì máa dán gbinrin. Mo rò ó pé ohun tó fọ wúrà mọ́ kò ní ṣàì fọ eyín mọ́. Mo bu iyanrìn náà, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo lọ kánún mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò fẹ́, ó ní ó ń ta òun lẹ́nu. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú láàárọ̀ àkọ́kọ́, tí mo ń fi àkísà ha á, tí mo ń wí pé, "Fara dà á, ìyàwó." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ṣe é.

Kí n má parọ́, ó funfun. Gbogbo obìnrin tó wá síbi ìtọrọ ló ń bi mí pé kí ni mo lò, mo sì ń fọ́nnu.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí o padà sí Òṣogbo tí omi tútù ò ṣe é mu fún un mọ́. Atẹ́gùn lásán tó bá wọ ẹnu rẹ̀, omi á bọ́ lójú rẹ̀. Erìgì rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń sun níbẹ̀. Mo ní ìdọ̀tí ló ń jáde, kó máa bá a lọ. Nígbà tí eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọsàn ni mo tún fi kún un.

A dé ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà, obìnrin dókítà eyín bi wá pé kí la fi fọ̀ ọ́. Ojú tì mí. Mo ní obì ni. Tiwalolúwa wò mí, kò lè já mi nírọ́ lójú àlejò. Oògùn ìrora ni wọ́n fún wa. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú dé abẹ́ ojú, ara rẹ̀ gbóná, ọyún ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́wọ́. Dókítà ò pariwo mọ́ mi. Ó ní àwọ̀ obì ò ju òkè eyín lọ, pé àwọn ìbá ti fọ̀ ọ́ kúrò níbẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ara eyín gan-an ni mo ha dànù, kì í sì í hù padà. Wọ́n yọ mẹ́rin iwájú lókè.

Ohun tí a pè ní ibà fún ọ nìyẹn. A sọ fún ọ pé torí Láńrewájú ò tíì rí ilé la ṣe sún ìgbéyàwó síwájú. Irọ́ nìyẹn náà. Ó ń wá láti Òṣogbo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í jáde sí i. Á jókòó tì mí, á bá mi ṣa obì díẹ̀, á dìde, á lọ.

Ṣèyí, n kò ní po nǹkan kan fún ọ. Ẹni yòówù tó bá fi ọsàn, kánún, èédú tàbí èyí tí wọ́n ń polówó lórí fóònù lọ̀ ọ́, má gbà. Sọ fún Raliat náà. Bí àwọ̀ eyín yín bá ń dà yín láàmú, ẹ lọ bá dókítà eyín. Mo ba ọmọ mi jẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu àna, ó sì ń dùn mí dé egungun.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe ìwọ náà léṣe. Á bá ọ parí iṣẹ́ rẹ láyọ̀, á pa ọ́ mọ́ fún mi, á sì tu ẹ̀gbọ́n rẹ nínú.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Phebe Ajíbóyè.

Àfikún: Ẹ̀gbọ́n rẹ gba lẹ́tà yìí kà kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan kan ha eyín, tí omi tútù sì ti ń ta ọ́, kí o lọ rí dókítà lónìí, kí o sọ òótọ́ fún un. Ó ní kí o má mú èmi ìyá yín dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo sì ti kọ ọ́.