Òkùnkùn Tó Bo Ojú Kọ̀ǹpútà Sìkírátù

Ilé Ràmọ́nù Télọ̀,
Ẹ̀jìgbò.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ẹrẹ́nà, 1998.

Sìkírátù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Ṣé Èkó ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Ọlọ́run tó ń mú ọ sọdá títì wọn lójoojúmọ́ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ara ìyá rẹ le, ara tèmi náà le, ọrùn nìkan ló ń dùn mí nítorí aṣọ Iléyá tí mo ń rán.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí o gbé fún Mùíbì àbúrò rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, kí o sì jókòó kí o tó kà á. Ẹ̀rọ náà kò kú. Mo tètè sọ èyí nítorí pé èmi ti sunkún rẹ̀ tán.

Láti ìgbà tí Mùíbì ti gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni iṣẹ́ ti ń wọlé, títí tí ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà kan fi gbé ìbéèrè ìdánwò wọn fún un pé kó bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, ló bá ní àwọ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ náà pọ̀ ju èyí tó ń fi hàn wá lọ. Ó wọ ibi tí wọ́n ti ń to àwọ̀ àti ìwọ̀n ojú rẹ̀, ó yí i sókè. Ẹ̀rọ ní kí ó pa òun kí ó tún òun tàn. Nígbà tó tàn án, lẹ́tà funfun díẹ̀ kọ́kọ́ sáré kọjá bí ẹni ń ṣe bísímílà, lẹ́yìn náà òkùnkùn bo gbogbo ojú rẹ̀. Síbẹ̀ iná kékeré ìdí rẹ̀ ń tàn. Mo gbé etí lé e, mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

Mo ní kò sí ẹ̀rọ tí òróró kì í wò sàn. Mo gbé òróró ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ìyá rẹ ló gbà á lọ́wọ́ mi. Mo wá tan àtùpà síwájú rẹ̀ bóyá kò ríran ni, kò dáhùn. Kí a tó mọ̀, àdúgbò ti gbọ́, wọ́n ń wọlé wá kí wa kú àjálù. Ìyá Kàsímù ní kí a da aṣọ funfun bò ó, a sì dà á bò ó.

Mùíbì kò jẹun. Ó ní oṣù mélòó mélòó ni Àǹtí òun fi tu owó ẹ̀rọ yìí jọ, òun kò ní ojú tí òun yóò fi wò ọ́ mọ́. Ó di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun yóò bá Àjàmú àbúrò mi wọ ọkọ̀ Àbíjàn ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Sìkírátù, ẹ̀rù bà mí. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá torí iṣẹ́ lọ sí Àbíjàn a máa padà wá kọ́lé, ṣùgbọ́n ẹni tí ìtìjú bá lé lọ kì í tètè rántí ọ̀nà ilé.

Ní àná ni Àyàndá, àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò nílé-ẹ̀kọ́ náà, wá gba ìbéèrè rẹ̀, ó sì bá wa nínú ọ̀fọ̀. Ó ṣí aṣọ, kò rẹ́rìn-ín, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Ó bi Mùíbì ní ohun tó fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tàn án, ó sì tẹ ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnnì òkè kí òkùnkùn tó dé. Ojú ẹ̀rọ là. Lẹ́tà tó jáde tóbi débi pé mo ń kà á láti ìdí iṣẹ́ mi láìlo awò. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ti rí i pé àgbàlagbà ló wà níwájú òun, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àyàndá ní rárá, ojú aláìsàn ló fi ń wò wá. Ó dá àwọ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó pa á, ó tún un tàn, lẹ́tà bá kéré. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ti àgbàlagbà sílẹ̀, kò gbà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé gbogbo ìbéèrè tí Mùíbì ti tẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò sọnù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń kí wa kú àjálù, inú òkùnkùn yẹn ni wọ́n wà ní pípé, tí wọ́n ń retí wa. Láti èwe ni mo ti ń lo ẹ̀rọ, n kò rí irú èyí rí. Mo jókòó tì í títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gáríbì.

Ṣùgbọ́n Mùíbì kò tíì tú ẹrù rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ lè yè, ìwọ kò ní fọkàn tán òun mọ́. Orí báàgì náà ni mo jókòó lé tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí.

Nítorí náà, owó ni mo fẹ́ tọrọ, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti ti pépà. Má kọ orúkọ mi sí i bí o ṣe máa ń ṣe. Orúkọ Mùíbì ni kí o kọ gàdàgbà sára àpòòwé, kí o sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá ni kí o fi rán padà kí Jímọ̀ tó pé. Bí owó kò bá sí lọ́wọ́, fi àpòòwé lásán ránṣẹ́, ṣáà ti kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ ọ lójú ọ̀nà. Ohun tí o kó pamọ́ kò ní sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràmọ́nù Télọ̀.