Ère Màmá Nóirín Lábẹ́ Ọgbà

Òkè Shandon,
Cork.

Àǹtí Gobnait mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tayọ̀tayọ̀ láti ọ̀dọ̀ gbogbo wa. Báwo ni orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún? Mo gbà á ládùúrà pé orí ìdúró ni lẹ́tà yìí máa bá yín ní Boston níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣì wà lórí ìjókòó, ó dára náà, nítorí ẹ̀rín máa pa yín.

A ti ṣe é, Àǹtí! Èmi Neasa, ọmọ àbúrò yín, ti di ìyàwó Muireann, Muireann náà sì ti di ìyàwó mi. Ìyàwó méjì nínú ilé kan, kò sì sí orogún! Láti ọjọ́ Sátidé, mi ò tíì lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí mo bá ń fọ abọ́, màá kàn ṣàdéédéé rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí ẹkún ba ọ̀sẹ̀ náà jẹ́. Ẹ mọ̀ pé Muireann ń kọ ìtàn gbogbo ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tí àwọn bíi tiwa ti ṣe nílẹ̀ Ireland, obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin. Orí kìíní ìwé náà dá lé ìpàtẹ kan tí Concepta Twomey àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ní yàrá òkè kan nítòsí odò, nígbà tí òfin ṣì ń mú àwọn ọkùnrin wa. Ọjọ́ kejì ni onílé lé wọn jáde. Wọn ò ya fọ́tò kankan, gbogbo iṣẹ́ wọn sì sọnù. Concepta nìkan ló ṣẹ́ kù láàyè nínú wọn. Bí ó bá ti ń ròyìn ère tó ṣe, ẹlòmíràn á ní ìyá arúgbó ń lá àlá ni.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá tó fẹ́ tẹ ìwé náà fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé bí kò bá sí ẹ̀rí kan tí ojú lè rí, òun á yọ orí kìíní kúrò. Muireann lọ sọ fún Concepta. Ìyá náà kàn ní, “Ẹ yọ ọ́, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbà pé mo gbé láyé rí.” Muireann sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ìgbéyàwó sì ku ọ̀túnla.

Ẹ mọ Màmá mi. Ìgbéyàwó ò lè wáyé kó má gbé ère Ọmọ Jésù ti Praga, èyí tó di bọ́ọ̀lù ayé mú lọ́wọ́, sábẹ́ ọgbà, kí òjò má bàa rọ̀. Tirẹ̀ ti fọ́, ó wá yá ti Màmá Nóirín Lucey, aládùúgbò wa. Ère yẹn kan náà ni gbogbo òpópónà wa ń yá láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Muireann jáde síta nínú aṣọ funfun rẹ̀ láti wo ojú ọ̀run. Kí a tó mọ̀, ó ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń pariwo orúkọ mi. Màmá sáré jáde: “Má fọwọ́ kàn án! Ṣé o fẹ́ kí òjò gbé wa lọ ni?”

Màmá Nóirín yọrí lójú fèrèsé. “Kí ló dé tí ìyàwó ń bá Jésù jà?”

“Màmá Nóirín, ta ló wà lára bọ́ọ̀lù ọwọ́ rẹ̀ yìí?”

“Màríà àti Èlísábẹ́tì ni! Ṣé o ò ka Bíbélì ni? Wọ́n ń kí ara wọn.”

“Kíkí wo lèyí, Màmá? Ẹnu ni wọ́n fi ko ara wọn lẹ́nu!”

“Inú wọn dùn ni. Àwọn méjèèjì ló lóyún.”

Àǹtí, ère tí Concepta ṣe ni! Obìnrin méjì tó ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu lórí ayé, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń sọ ọ́ gan-an. Ìsàlẹ̀ yàrá tí wọ́n ti ṣe ìpàtẹ yẹn ni Màmá Nóirín ń gbé nígbà náà, ó sì bá ère náà níbi tí wọ́n pa á tì sí. “Ṣé kí n fi Jésù sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nínú òtútù ni?” Ohun tó sọ nìyẹn.

Nígbà tí Concepta dé síbi àsè, a gbé ère náà lé e lẹ́sẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ta ló kun ètè wọn?”

Màmá Nóirín ní, “Èmi ni o, ọ̀dà èékánná ni. Tiyín ti ṣí.”

Concepta bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́. “Ìwọ yìí! O kùn ún ju bí mo ṣe kùn ún lọ.”

Muireann ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà. Lónìí ni èsì dé: orí kìíní dúró! Ọkàn wa wá balẹ̀, bí ẹni sọ ẹrù ńlá kalẹ̀. Àmọ́ Muireann ní òun gbọ́dọ̀ tún un kọ, nítorí òun ti kọ ọ́ pé ọjọ́ kan péré ni ìpàtẹ náà fi wà. Irọ́ ni. Ó kàn bọ́ síta ni: ère náà wà níwájú ilé àwọn Twohig nígbà tí ọmọbìnrin wọn ń lọ sílé ọkọ, ó wà níwájú ilé ọlọ́pàá Hurley, àní nígbà tí onílé tó lé wọn jáde ń fi ọmọ fọ́kọ, òun ló yá. Muireann ń kọ gbogbo rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn báyìí, ọgbà kan lẹ́yìn òmíràn, tiwa ló sì fi parí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi okun sí orúnkún yín, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn wọ ilé wa. Ayọ̀ tó bá wa yìí, kó yà lọ́dọ̀ yín kó tó padà.

Èmi ni ọmọ yín tó ti dìyàwó,
Neasa.

Mo tún rántí: Màmá Nóirín ti ń pe Concepta wá mu tíì. Lánàá, ó ní kí Concepta bá òun ṣe ère ẹnìkan tí yóò máa bá ère Jósẹ́fù òun sọ̀rọ̀, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí bàbá náà ti ń dá dúró lórí kọ́bọ́ọ̀dù.