Orin Tí Ọmọ Mi Fi Àyà Gbọ́

                                        Ojúlé Kẹta,
                                        Òpópónà Ilé-Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tí mo ti ń sá fún, kó má tún há mi lọ́fun: dókítà ti yẹ ọmọ wò tán, etí rẹ̀ méjèèjì kò gbọ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sunkún, ẹ jẹ́ n kí yín ná. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé ikọ́ àwọn ìbejì ti lọ? Ara tèmi le, àyà nìkan ló ń já.

Látìgbà tí a ti ti ilé ìwòsàn dé ni mo ti pa rédíò. Kí lèmi ń gbọ́ orin fún, tí ọmọ mi ò gbọ́? Pàápàá orin Ìyá Oníwáyà wa! Ẹ rántí bá a ṣe fẹ́ràn wọn tó? Wọ́n á tú rédíò àlòkù, wọ́n á so wáyà mọ́ wáyà, orin á sì jáde níbi tí kò sí ìlù, tí kò sí gìtá, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dán irú ẹ̀ wò nílùú yìí. Bàbá á ní, "Ṣé orin nìyí, àbí fíríìjì ló ń kú lọ?" Wọn ò jẹ́ ká yí i sókè, la bá ń gbé àyà lé àpótí rédíò, torí Ìyá Oníwáyà ti sọ lórí afẹ́fẹ́ pé ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe ti etí, àyà la fi ń gbà á.

Ní Sátidé, Ìyá Oníwáyà wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé-ìkàwé. Mo ní mi ò lọ, ta ni mo fẹ́ gbé ọmọ fún? Ọkọ mi ní, "Gbé e dání. Ta ló sọ fún ẹ pé òun ò fẹ́ jáde?" Orí Ìyá Oníwáyà ti funfun, Ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ wáyà ṣì yí wọn ká bí ìtàkùn. Ẹ̀gbẹ́ sípíkà ńlá nìkan ló ṣófo, ibẹ̀ ni mo jókòó sí. Bí ohùn ìsàlẹ̀ ṣe wọlé, ó gbá mi láyà, mo sì rántí àpótí rédíò wa. Mo tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn mi, mo fi àyà rẹ̀ ti sípíkà.

Ó kọ́kọ́ wò mí, ó lanu. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mi ìdí, tó ń bá orin lọ déédéé! Nígbà tí orin dúró, ó fọwọ́ gbá sípíkà, gbà! gbà!, bí onílé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Oníwáyà ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi, mi ò tíì parí." Wọ́n tún tẹ ohùn yẹn fún un, wọ́n wá béèrè pé ọmọ ta ni.

Mo ní, "Tèmi ni!" Ẹni tó wà ní títì á gbọ́ mi.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. Mi ò mọ ilé-ìwé tó máa lọ, mi ò mọ bó ṣe máa pè mí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ọ̀nà kan ò dí, ọ̀kan kì í là. Ẹni tí wọ́n ń sọ pé orin fíríìjì ló ń kọ, òun ló dé ibi tí ọmọ mi wà. Àwa méjèèjì mọ èèyàn yàn!

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kẹ́ ẹ fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Ṣé rédíò onípákó Bàbá ṣì wà lọ́dọ̀ yín? Mo fẹ́ kó jẹ́ ti ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.

                                        Èmi ni tiyín,
                                        Àbúrò Alárédíò.