Bàbá Tó Ń Fetí sí Tẹ́ńṣọ́nà: Olóògbé Adégbọlá Ọdẹ́wálé (1958–2025)

Ọdún 1958 ni a bí bàbá wa, Adégbọlá Ọdẹ́wálé, ní Tudun Wada, Zaria. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó wá láti Ọ̀fà ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni bàbá wa bá jìjàkadì ní tiwọn.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní Tudun Wada. Ní 1973, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Malam Balarabe, àgbà mẹkáníìkì kan lẹ́bàá odi Birnin Zazzau, ìlú àtijọ́ Zaria. Hausa yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu débi pé Hausa ni wọ́n fi ń bá irinṣẹ́ wọn wí.

Ní 1989, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì elérò kan tó ń lọ Funtua wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn, bẹ́líìtì rẹ̀ ń pariwo. Bàbá fi ọṣẹ pa á gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣe, ariwo sì lọ. Àfi bí bẹ́líìtì ṣe já lójú ọ̀nà! Nígbà tí bàbá débẹ̀, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tó wà lára àwọn èrò ló kọ́kọ́ kò wọ́n lójú: “Kai, malam! Ọṣẹ lẹ fi ń wo ẹ́ńjìnnì?”

Ojú ti bàbá wa. Wọ́n fi ọwọ́ yí wíìlì kékeré tó ń ti bẹ́líìtì, èyí tí à ń pè ní tẹ́ńṣọ́nà, ó sì ń rún bí ẹni tó jẹ òkúta nínú ìrẹsì; gírísì inú bíárìnì rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n ṣàlàyé fún olùkọ́ náà pé bẹ́líìtì ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì àti èyí tó ń ta omi káàkiri. Tẹ́ńṣọ́nà ni kì í jẹ́ kó dẹ̀ kó máa yọ̀, kì í sì í jẹ́ kó le jù kó má baà já. Ìyá wa, Ọmọ́níkẹ́, tí í ṣe olùkọ́ náà, ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àkọ́kọ́ tí àwọn gbọ́ lẹ́nu bàbá nìyẹn. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1991.

Láti ìgbà náà, bàbá kò fi ọṣẹ kan bẹ́líìtì mọ́. Wọ́n á gbé ẹnu sùkúrù-díráfà lé bóòtù àárín tẹ́ńṣọ́nà, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ ti etí, wọ́n á di ojú láti gbọ́ bóyá bíárìnì ń rún. Díákónì ni wọ́n nínú ìjọ. Bọ́ọ̀sì ìjọ kò jẹ́ lọ sí òde ìwàásù ní Bomo láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí akọrin bá ń kánjú, wọ́n á ní, “Sannu ba ta hana zuwa.” Ìrìn jẹ́jẹ́ kò ní kéèyàn má dé.

Ní 2017, etí wọn kú. Ariwo ẹ́ńjìnnì ti jẹ ẹ́. Wọ́n gbé sùkúrù-díráfà sétí, wọn ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n sì jókòó sunkún. Ó dùn wá wọra. Wọ́n fẹ́ ta irinṣẹ́ wọn. Iredọlá, ọmọbìnrin tó jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa gbọ́ ọ fún wọn. Bàbá ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ìyá wa dáhùn pé ẹni tó fi ọṣẹ pa bẹ́líìtì kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé sùkúrù-díráfà lé ọmọ lọ́wọ́.

Iredọlá á gbọ́, bàbá á fi ìka yí i. Bí wọ́n bá pààrọ̀ tẹ́ńṣọ́nà tán, wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á béèrè pé, “Ṣé ó ti dákẹ́?” Ó máa ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, inú wọn á sì dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nínú oṣù tó kọjá, àìsàn ọkàn dá wọn dùbúlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Iredọlá gbé etí lé àyà wọn bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ìyá wa ń wo ojú rẹ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dákẹ́.

Wọ́n fi ìyá wa Ọmọ́níkẹ́, àwa ọmọ wọn Dọ̀tun, Fọlákẹ́, Iredọlá àti àwọn ọmọ-ọmọ sáyé. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa dárò, Ọlọ́run kò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín. Bàbá, ṣọ́ọ̀bù yín kò tì, etí ọmọ yín sì wà níbẹ̀. Ẹ sùn re o.