Awò Méjì Tí Kò Ní Wáráńtì

Ilé wa, Àfàò,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù kejì.

Àánú ọmọ mi, Àdùkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó mú wa la ọyẹ́ ọdún yìí já ni a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ láàárín àwọn èrò Èkó. Ìyá rẹ kí ọ púpọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wú ti fà, ó ti ń lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, bó bá sì ti lọ, kì í tètè dé. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan ló yè.

Mo kọ lẹ́tà yìí, n kò pè ọ́ lórí fóònù, nítorí bí mo bá pè ọ́, ẹkún ni wàá máa sun, owó inú fóònù á sì tán kí n tó délé ọ̀rọ̀. Mo fi rán awakọ̀ tó ń ná Èkó, kó bá mi mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nígbà tí o pè lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní ìwọ lo jó oko Ìyá Níkẹ́, opó tí oko kòkó rẹ̀ bá tiwa pààlà. O ní ká ní kì í ṣe awò olówó pọ́ọ́kú lo rà fún bàbá rẹ, iná náà kì bá tí dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe rí.

Ìwọ náà mọ̀ pé láti ọdún tí iná ti kọ́kọ́ jó oko wa, àwa àgbẹ̀ ìhà odò ti fohùn ṣọ̀kan pé bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa jókòó sórí àpáta láti máa wo èéfín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni tèmi. Ojú ẹni àádọ́rin ọdún kò sì dà bí ojú ọmọdé. Kí n tó rí èéfín, iná á ti jẹun yó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o bá wa wá awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, irú èyí tí àwọn sójà máa ń gbé kọ́rùn.

O kọ̀wé sórí wasáàpù, ìyá rẹ kà á sí mi létí. O ní ọ̀nà méjì ló wà. Ṣọ́ọ̀bù kan wà tí àwọn tó ṣe awò náà fọwọ́ sí, owó wọn ga, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi wáráńtì ọdún mẹ́wàá tì í. Ọkùnrin kan sì wà tó ń jẹ́ Olúdáre, tó ń lọ kó o wá fúnra rẹ̀ láti Dùbáì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. O ní awò kan náà ni, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, owó rẹ̀ jẹ́ ìdajì, ṣùgbọ́n kò ní wáráńtì ní Nàìjíríà, àfi ìlérí oṣù mẹ́fà láti ẹnu Olúdáre. O ní gíréè máàkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Àánú, n kò mọ ohun tí wáráńtì jẹ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọdún mẹ́wàá, mo rò pé ènìyàn ni, pé wọ́n máa ń fún ẹni tó bá ra awò ní ọkùnrin kan tí yóò máa bá a tọ́jú rẹ̀. Mo bi ìyá rẹ pé níbo la ó fi Wáráńtì sùn, ta ni yóò sì máa bọ́ ọ fún ọdún mẹ́wàá. Ìyá rẹ ní yàrá rẹ ṣófo, ṣùgbọ́n bí kò bá tíì gbéyàwó, òun kò fẹ́ ẹ nínú ilé. Mo rò ó títí, mo ní kó kúkú dúró sí Èkó. Ti gíréè náà, wọ́n ní àwọ̀ eérú ni, mo sì sọ fún Lawrence tí a jọ ń kọrin nínú ìjọ pé èyí dára, oòrùn kò ní máa kọ mànà lára rẹ̀. Nígbà tí a tú u nínú páálí, dúdú ni. A kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi yàn án gan-an ni pé owó ẹyọ kan ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tó ra méjì lọ́wọ́ Olúdáre. Lawrence náà ló ń jókòó sórí àpáta kejì, tó kọjú sí ọ̀nà Ìgbàrà-Odò, ẹni tó bá sì wà lórí àpáta kan kò lè rí ẹ̀yìn ìkejì. Mo ní ojú méjì tí kò ní onígbọ̀wọ́ sàn ju ojú kan tó ní lọ. O kìlọ̀ fún mi. O ní, "Bàbá mi, bó bá bàjẹ́, a ò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀ o." Èmi ni mo ní kí o rà á. Jọ̀wọ́, rántí ìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, awò náà ṣiṣẹ́ bí idán. Mo ń rí ẹyẹ lórí ọ̀pẹ lókèèrè. Lọ́jọ́ kan mo rí Ìyá Níkẹ́ lóko rẹ̀, tó ń yẹ èso kòkó wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yẹ orí ọmọ wò, mo sì kí i kú iṣẹ́. Ó dùn mí díẹ̀ pé kò dáhùn, àfi ìgbà tí mo rántí pé ibi tó wà jìn ju ohùn mi lọ.

Ìgbà òjò ni omi wọ inú tèmi. Kì í ṣe omi tí a lè fi aṣọ nù, inú dígí ló wà, bí ìgbà tí ènìyàn mí sójú wíńdò. Mo wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, sí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn tó ni awò náà fọwọ́ sí. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Gift gbé àga fún mi, ó sì fún mi ní fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà bèèrè nọ́ńbà, mo kọ nọ́ńbà káàdì mi ní ọsibítù, ó rọra pa á rẹ́ láìrẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ awò ni ó tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Bàbá, ojúlówó ni o, kì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ṣe é fún." Ó ní wọn kò fún àwọn láṣẹ láti tú u, kódà bí mo bá fẹ́ sanwó. Mo bi í pé ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà, ṣé kì í ṣe ọmọ ilé ni, ṣebí Abíọ́nà la ó sọ ọ́. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ Abíọ́nà kò sí nínú ìwé tiwọn. Ọmọ náà kò ṣe mí níbi, ó sìn mí dé ibi tí mo ti wọkọ̀.

Olúdáre náà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Oṣù mẹ́fà rẹ̀ ti kọjá, síbẹ̀ ó sọ fún ọ pé kí n fi ránṣẹ́, òun yóò mú un padà sí Dùbáì, pé yóò gba oṣù mẹ́ta. Ọyẹ́ sì ti ń bọ̀. Mo ní n kò lè dúró. Mo gbé e lọ bá Jẹ́jẹ́ tó ń tún aago ṣe lẹ́bàá ọjà. Jẹ́jẹ́ ní òun kò tú irú rẹ̀ rí. Èmi ni mo ní kó tú u. Ó nu omi náà kúrò, ó dì í padà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ojú méjèèjì inú awò náà kò ti wo ibì kan náà mọ́. Ọ̀pẹ kan á di méjì, ènìyàn kan á di méjì. Mo sọ fún ara mi pé kò ṣòro, bí mo bá ti rí méjì, kí n kà á sí ọ̀kan.

Ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù kìíní, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo rí èéfín méjì. Ìhà ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń se epo pupa, èéfín kì í sì í wọ́n níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní èéfín epo ni, awò ló sọ ọ́ di méjì. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ń sọ fún mi pé èyí tó wà lọ́tùn-ún ga ju tòsì lọ, ohun kan náà tí awò sọ di méjì kò sì yẹ kó ga jura wọn lọ. Fóònù wà lápò mi. Fèrè wà lọ́rùn mi. Àánú, mo jókòó.

Ìdí rẹ̀ nìyí, n kò sì sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo ti fọn fèrè, gbogbo ènìyàn sá jáde pẹ̀lú àdá àti kẹ́ẹ̀gì omi, wọ́n sì bá ọkùnrin kan tó ń sun iṣu jẹ lábẹ́ igi. Wọ́n fi mí ṣẹ̀rín títí dé inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ń tì mí. N kò fẹ́ kí wọ́n tún fi mí ṣẹ̀rín.

Lawrence ló pè mí. Awò kejì, tí kò ní wáráńtì, tí omi kò sì wọ̀, ló fi rí i pé iná ti jáde sí ìhà tirẹ̀. Ó ní, "Ọlábọ̀dé, ṣé o ò rí i ni?" Mo wá fọn fèrè. A gé ẹ̀ka tútù, a fi lu iná náà, a la ilẹ̀ níwájú rẹ̀ kó má rí nǹkan jẹ, ó di ọwọ́ ọ̀sán kí ó tó rọlẹ̀. Kò sí ẹni tó kú. Ìdajì oko Ìyá Níkẹ́ ló lọ, àwọn igi tí ọkọ rẹ̀ gbìn lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra. Ààlà wa ni iná náà dúró sí. Kò kan igi wa kan ṣoṣo, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

Gbogbo ènìyàn ló ń kí mi kú àdánwò. Wọ́n ń bú awò, wọ́n ń bú Olúdáre tí wọn kò rí rí, mo sì dákẹ́. Àwọn kan ní ká ní èyí tó ní wáráńtì la rà ni. Mo ti rò ó. Ká ní a rà á, wọn ìbá ti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ kí ọyẹ́ tó dé, ọ̀pẹ kan ìbá máa jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni ìbá jẹ́, Lawrence kì bá ní nǹkankan lójú, bó bá sì jẹ́ pé orí àpáta tirẹ̀ ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? N kò mọ èyí tó sàn, ẹni tó bá ní òun mọ̀, kó wá jókòó síbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí wáráńtì tí ń bá ènìyàn fọn fèrè tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Nítorí náà, lánàá, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá Ìyá Níkẹ́. Ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, èéfín méjì, fèrè, ìtìjú. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Àánú, mo mọ̀. Níkẹ́ rí yín láti ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ gbé awò sójú, ọ̀dọ̀ wa gan-an lẹ kọjú sí. Mo ti ń retí ìgbà tí ẹ máa wá." Mo jókòó sílẹ̀. Kò ní òun dárí jì mí, kò sì ní òun kò dárí jì mí. Ó wọlé, ó gbé okùn àti èèkàn jáde, ó ní kí n ká ṣòkòtò mi, kí n wá bá òun di orí okùn mú, pé òun fẹ́ wọn ibi tí kòkó tuntun yóò wà kí òjò tó dé. Títí oòrùn fi wọ̀ ni a fi wọ̀n ọ́n. Òní náà mo ti lọ.

Ìdí tí mo fi ń tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ nìyẹn, kì í ṣe owó awò. Ẹgbẹ́ àwa àgbẹ̀ ìhà odò ti ń dáwó awò tó ní wáráńtì, pẹ̀lú rísíìtì. Ọmọ kòkó tí a ó gbìn fún Ìyá Níkẹ́ ni kí o bá mi ra díẹ̀ nínú rẹ̀, ohunkóhun tí agbára rẹ bá gbé, èmi yóò fi owó ewúrẹ́ kún un. Má sì tún sọ pé ìwọ lo jó oko o. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ojú tó ń ríran, yóò sì fún ọ ní ọkàn tí kò ní í bá ojú náà jiyàn. Iṣẹ́ rẹ kò ní í di ẹ̀sín. Bí o bá ń bọ̀ wálé fún Àjíǹde, mú bàtà oko dání. Ìyá Níkẹ́ ní kí n sọ fún ọ pé òun ti fi àyè kan sílẹ̀ dè ọ́ nínú oko náà kí o wá gbin kòkó síbẹ̀, ó ní láti kékeré ni ohun tí o bá gbìn ti máa ń hù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlábọ̀dé.