Iná Tó Kù Nínú Tẹlifíṣọ̀n Onígi

Akáyín ọmọ mi,

Ọjọ́ tí oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n pariwo mọ́ mi pé kí n má fọwọ́ kan ìgò ńlá inú tẹlifíṣọ̀n wa, èyí tí àwòrán ti ń hàn, pé a ti yọ okùn rẹ̀ lára ògiri lóòótọ́ ṣùgbọ́n iná ṣì wà nínú rẹ̀, ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kan yé mi. Àṣé ohun tí a pa kì í lọ kíá. Mo ní háà, ìdí nìyẹn tí mo ṣì fi ń bu oúnjẹ rẹ sọ́tọ̀ kí n tó rántí pé o ti lọ.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ilé tí o gbà kò jò? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìlú ńlá yẹn gbàgbé pé a kàn yá a lọ́mọ ni, a ò ta ọmọ fún un. Bàbá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ náà wà, àwọn méjèèjì ń ráhùn. Ewúrẹ́ àbúrò bàbá rẹ tún ti jẹ aṣọ tí mo sá.

Tẹlifíṣọ̀n onígi yẹn náà ni, èyí tí a ti rí ọ nígbà tí iléèwé kó yín lọ ka ewì níléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí eyín iwájú rẹ méjèèjì ti ká, tí gbogbo ilé ń pariwo Akáyín, Akáyín! Bàbá rẹ lọ yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ wà níbẹ̀. Títí dòní ó ní irọ́ ni, aláǹgbá lòun ń wá.

Ọwọ́ kan ni oníṣẹ́ yìí fi ń ṣiṣẹ́, ó ká èkejì sẹ́yìn bí ọ̀gá iléèwé. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú àgbà nìyẹn. Ó ní Màmá, ẹ má bínú, bí ọwọ́ méjèèjì bá wọ ibẹ̀, iná lè gba àyà èèyàn kọjá. Mo ní èmi tí mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan ńkọ́, tó ń gba àyà mi kọjá nígbàkigbà tí mo bá rántí ọmọ mi?

Ó ní ohun tó ń rán iná ńlá sínú ìgò náà ti là, iná ń já síta lára rẹ̀. Ó ti rí òmíràn yọ lára tẹlifíṣọ̀n tó ti kú. Ṣùgbọ́n kó tó dè é, àfi kó kọ́kọ́ fi wáyà fa gbogbo iná tó kù nínú ìgò náà sílẹ̀, pé yóò kàn dún pá, ó tán. Ni mo bá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Akáyín, inú iná yẹn lo wà! Bí o bá dún pá wọlẹ̀, níbo ni mo ti fẹ́ wá ọ? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní àwòrán kì í sùn síbẹ̀, pé ojú afẹ́fẹ́ ló ń gbà wá, tó ń gbà lọ. Bàbá rẹ ní bí o bá wà nínú ẹ̀, kí o jáde wá pọn omi.

Mo ní kó ṣì dúró ná. Ó ní kò burú, àmọ́ bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, iná náà yóò máa rọra jò lọ fúnra rẹ̀, láìdún. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo ti fi ìró mi àtijọ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀, kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí i.

Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Bí kò bá dilẹ̀, fi ara rẹ ránṣẹ́. Ibi tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ ọ́, ẹnu tó bá pè ọ́, ire ni yóò fi pè ọ́.

Sátidé ni oníṣẹ́ náà ń padà bọ̀. Ìwọ tó kàwé, gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jẹ́ kó fa iná náà sílẹ̀ kó sì tún un ṣe, bóyá wọn á tún fi ọ́ hàn lọ́jọ́ kan, àbí kí n ní kó dé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà padà, kí n máa ṣọ́ èyí tó kù?