Àpá Tó Wà Lójú Fọ́tò

Ọmọ mi àgbà, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Báwo ni iṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn yẹn? Mo gbà á ládùúrà pé ìwé yìí yóò bá ọ nínú àlàáfíà. Ara tèmi kò dá ṣáṣá, kò sì burú. Ìyá rẹ ń bẹ. Ojú rẹ̀ tó ti fọ́ láti kékeré yín ò kúkú là, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́, ó ń hun súwẹ́tà.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọlọ́pàá kan wá bá wa. Ó ní awakọ̀ kan rí ọmọbìnrin kan ní ìlú tí o wà, pé ojú rẹ̀ bá ti ìwé ìkéde àbúrò rẹ tó sọnù mu, títí kan àpá tó wà lókè ojú òsì. Ìwọ ni awakọ̀ náà rí. Wọ́n ń bọ̀ wá bá ọ níbi iṣẹ́. Má jẹ́ kí àyà rẹ já.

O mọ apá kan ọ̀rọ̀ yìí. Ogún ọdún ni mo ti fi ń ya fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ nígbà tí Aláròyé, àbúrò rẹ, jáde níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, tí a kò rí i mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọlọ́pàá ní kí n mú fọ́tò rẹ̀ wá, n kò ní ẹyọ kan. Ẹ̀yìn kámẹ́rà ló máa ń wà, tó ń bá mi di iná mú, tó ń pàṣẹ fún àwọn oníbàárà: “Ẹ rẹ́rìn-ín o, eyín yín ò ní já bọ́!” Bó bá ní kí n ya òun náà, màá ní ó dọ̀la, ká tọ́jú fíìmù fún oníbàárà.

Ojú tì mí, ọmọ mi. Onífọ́tò tí kò ní fọ́tò ọmọ rẹ̀! Mo yọ tìrẹ tí mo yà nígbà tí ìwọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, mo ní òun nìyí. Ẹ ṣáà jọra bí ìmumu. Ṣùgbọ́n irin tó ń gbé iná fọ́tò dúró ti gbá ọ lójú nígbà yẹn. Ọlọ́pàá rí àpá nínú fọ́tò, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo dúró tì í, mo ń wo bírò rẹ̀. Nígbà tí mo ń ka ìwé ìkéde náà fún ìyá rẹ, mo fo ìlà yẹn. Ìwọ dúró níwájú ògiri tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, o wo ojú ara rẹ, o wo ojú mi. Mo ní kí o pa ẹnu mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́ nígbà náà. Ẹ̀bi rẹ kọ́.

Èyí tí o kò mọ̀ nìyí. Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin kan tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ wá bá mi. Ó ní òun rí ọmọ kékeré kan pẹ̀lú ọkùnrin kan, ẹ̀wù búlúù, bàtà ẹsẹ̀ kan, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. Ó ní òun ti fẹ́ dá wọn dúró, òun wá wo ìwé ìkéde, òun rí i pé ọmọ yẹn kò ní àpá. “Ẹ má bínú, bàbá, kì í ṣe òun.” Ẹ̀wù búlúù ni Aláròyé wọ̀ jáde. Mo fún obìnrin náà lómi, ó mu ún, ó lọ. Mo wọ yàrá òkùnkùn, mo fọ fọ́tò ìgbéyàwó ẹnì kan. Mo ní màá sọ fún ọlọ́pàá lọ́la.

Wọ́n máa ń ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. N kò mọ èyí tó ń dùn mí mọ́. Mo ń jẹun, mo ń sùn. Wọ́n tún ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tilẹ̀ tó ogún, mọ́kànlá péré.

Nígbà tí ọlọ́pàá dárúkọ àpá lọ́jọ́ Ajé, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ dúró. Ó ní, “Àpá wo?” Ọlọ́pàá ṣàlàyé. Ó ní, “Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bọ́jú fún Aláròyé láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni àpá.” Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ìyá máa ń gbàgbé nǹkan, ó lọ. Ìyá rẹ kọjú sí ibi tí mo wà. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan ló ń bá mi sọ.

Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, sọ òtítọ́. Má bò mí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi náà ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́la, kí wọ́n tún ìwé ìkéde náà kọ, bó tilẹ̀ ti pẹ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ, kó ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Wàá fi ọwọ́ ara rẹ gbé ọmọ tìrẹ. Jọ̀ọ́, ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá bí i.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ,
Onífọ́tò.

Àfikún: Kí n tó lẹ àpòòwé, ìyá rẹ wá jókòó tì mí, ó ní kí n ka ohun tí mo kọ sí ọ. Mo kà á, n kò fo ìlà kankan. Mo rò pé yóò ké ni, tàbí kó gbá mi létí. Ó dìde, ó ń fọwọ́ wá bàtà rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní, “Ibùdókọ̀ wo?” Mo ní ó ti di ọdún mọ́kànlá. Ó ní, “Mo gbọ́. Ibùdókọ̀ wo?”